Iye Tí Kò Ṣeé Pín Dọ́gba

Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni ó wí pé èdè Yorùbá kò gba ìṣirò gíga? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́sàn kan ní ọjà Ajah bá ní ọsàn 31, kò lè kó o sí òkìtì tí ó dọ́gba, àfi bí ó bá tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀márùn-ún, 32 ni. Ẹ yọ ọ̀kan, 31 dé. (Ọgbọ́n yìí a máa tàsé: 16 dín ọ̀kan jẹ́ 15, mẹ́ta sì pín in.)

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà rí irú rẹ̀ tí ó tóbi ju gbogbo èyí tí a ti mọ̀ ṣáájú lọ: ìlọ́po méjì ní ìgbà 136,279,841, ó dín ọ̀kan. Àmì òǹkà 41,024,320 ni a ó fi kọ ọ́.

Ọmọ Lekki tí ó bá ka mọ́kàndínlógún ti yọ ọ̀kan kúrò nínú ogún. 19 náà kò sì ṣeé pín.