Fáàfù Ọkàn Tó Ń Jò: Kí Ló Dé Tí Àtúnṣe Fi Sàn Ju Pípààrọ̀ Lọ?

Lọ́dún 1983, Alain Carpentier, oníṣẹ́-abẹ ọkàn ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé àlàyé kan jáde tó mú kí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún inú rò. Láti ọdún 1960 tí Albert Starr àti Lowell Edwards ti ṣe fáàfù àtọwọ́dá wọn ní Amẹ́ríkà, fáàfù tó bá ti ń jò, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé e, tí wọ́n á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Carpentier ní èyí tó ṣeé tún ṣe, kí wọ́n tún un ṣe.

Mẹ́rin ni fáàfù inú ọkàn, iṣẹ́ wọn sì ni kí ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá má padà sẹ́yìn. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní mitral, tó wà lápá òsì, ní awẹ́ méjì tí àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì mú, bí ilẹ̀kùn tí a so okùn mọ́ kó má baà gbá kọjá férémù. Tó bá ń jò, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró. Èémí aláìsàn á máa já tó bá gun àtẹ̀gùn, kò ní lè sùn gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè wú. Ọkàn á máa tóbi sí i nítorí iṣẹ́ àṣekún, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Carpentier pín jíjò yìí sí. Àkọ́kọ́, awẹ́ ń ṣí, ó ń pa dé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu fáàfù ti fẹ̀ jù tàbí awẹ́ ti lu. Èkejì, okùn ti já tàbí ó ti gùn jù, awẹ́ wá ń yọ kọjá ààyè rẹ̀. Ẹ̀kẹta, awẹ́ ti le, tàbí nǹkan ń fà á, kò lè pa dé. Ibi tí àléébù bá wà ni dókítà ń dojú iṣẹ́ kọ.

Ní yàrá iṣẹ́-abẹ, wọ́n á dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ á sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Dókítà lè gé ibi tó pọ̀ jù nínú awẹ́, kó fi okùn tuntun rọ́pò èyí tó já, kó sì rán òrùka yí ẹnu fáàfù ká kó má baà tún fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọ omi sínú ọkàn láti wò ó bóyá ó ṣì ń jò.

Èrè rẹ̀ ni pé fáàfù ẹni ló ṣì wà lára ẹni. Ẹni tó bá gba fáàfù onírin ní láti máa lo warfarin títí ayé kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, oògùn yìí sì léwu fún ọmọ inú aboyún. Fáàfù tí wọ́n fi ẹran ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe kì í béèrè irú oògùn yẹn pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, pàápàá lára ọ̀dọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fáàfù ló gba àtúnṣe. Nílẹ̀ Áfíríkà, àti ní Nàìjíríà náà, ibà lákùúrègbé ló ń ba fáàfù ọ̀pọ̀ ọmọdé àti ọ̀dọ́ jẹ́. Ó ń mú kí awẹ́ le, kí okùn sì súnkì, àtúnṣe rẹ̀ sì ṣòro ju ti okùn tó kàn já lọ. Bí aláìsàn bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, pípààrọ̀ nìkan ló lè kù.

Ọ̀nà ọ̀fun ni ibà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kòkòrò bakitéríà tí wọ́n ń pè ní streptococcus bá wọ̀ ọ́, tí a kò sì tọ́jú rẹ̀. Pẹnisílíìnì ń ṣẹ́gun kòkòrò náà. Ọmọ tí ibà lákùúrègbé bá ti mú rí ní láti máa gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ibà náà má baà tún padà wá ba fáàfù jẹ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì lo oògùn tí wọ́n bá fún un tán. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí èémí yín ń já láìnídìí, ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán: ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ ohùn ọkàn yín.