Ojú Ọ̀run Gba Gbogbo Wọn, Àdéhùn ni Kò Gbà Wọ́n: Eré Ìdárayá Yunifásítì Lórí Sátẹ́láìtì ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì ni ó ń gba ojú ọ̀run kan náà kọjá láì dí ara wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí ó bá di ti eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ẹni méjì lè gbé àwo sí orí òrùlé ní àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan máa wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, kí èkejì máà rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán lójú àwọn ará ibẹ̀. Pápá ìṣeré yunifásítì Michigan nìkan gba ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ. Ní ìpínlẹ̀ bí Alabama àti Nebraska, tí kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú NFL, líìgì àwọn tí ó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oòjọ́, ẹgbẹ́ yunifásítì ni ẹgbẹ́ gbogbo ìlú. Àgbẹ̀ tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ kíláàsì yunifásítì rí a máa pè é ní tiwa. Ọmọ Nebraska tí iṣẹ́ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn a sì máa fi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àbámẹ́ta rántí ilé. Ẹni tí ó bá ti kúrò ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lọ ṣiṣẹ́ ní Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Makurdi kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ọ̀nà jíjìn kọ́ ni ó sì ń dí àwòrán lọ́wọ́. Sátẹ́láìtì tí ń gbé àwòrán wọ̀nyí wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí òkè ilẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ sì lè bo gbogbo Amẹ́ríkà láti òkun dé òkun. Inú dìkódà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó oṣooṣù mọ àdírẹ́sì oníbàárà rẹ̀. Òun ni ó ń ṣí ìkànnì, òun náà ni ó ń tì í. Àdéhùn tí ó bá wà láàárín ilé-iṣẹ́ yìí àti àwọn tí ó ni ìkànnì ni ó ń sọ ẹni tí yóò ríran.

ÌDÁJỌ́ ỌDÚN 1984

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ NCAA, tí ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ni ó di okùn gbogbo rẹ̀ mú. Àjọ náà ni ó ń sọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan lè fara hàn lórí amóhùnmáwòrán nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sáré. Àwọn aláṣẹ yunifásítì Oklahoma àti ti Georgia gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1984, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé àṣẹ náà lòdì sí òfin òwò. Adájọ́ méje fara mọ́ ìdájọ́ náà, àwọn méjì kò fara mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni Byron White, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Colorado rí.

Ní ọjọ́ 19 nínú oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ Houston Rockets mú Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, ṣáájú gbogbo ojúgbà rẹ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ti gbá a fún yunifásítì Houston dé ìdíje àṣekágbá ní ọdún 1983 àti 1984, gbogbo Amẹ́ríkà ni ó sì rí ìdíje méjèèjì, nítorí pé ìkànnì CBS tí ó kárí orílẹ̀-èdè ni ó gbé e jáde. Àṣekágbá kì í sábà ṣòro láti rí. Ìdíje ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, tí ẹbí àti ará ìlú ń fẹ́ wò, ni ìjà wà lórí rẹ̀.

ÌKÀNNÌ TI ARA WỌN

Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, olúkúlùkù líìgì yunifásítì ń ta eré tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá ìkànnì sílẹ̀. Líìgì Mountain West ni ó ṣáájú ní ọdún 2006, ìkànnì rẹ̀ sì kógbá wọlé ní 2012. Líìgì Big Ten dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2007. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, yunifásítì Appalachian State, tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí, lọ lu Michigan mọ́lé ní 34 sí 32. Ìkànnì tuntun yìí ni ó gbé eré náà jáde. Àwọn tí ó ní àwo DirecTV rí i. Àwọn oníbàárà Comcast, tí ń fi wáyà gbé àwòrán wọlé, kò rí i, títí kan àwọn tí ń gbé ní Michigan gan-an. Oṣù kẹfà ọdún 2008 ni Comcast ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gba owó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ìkànnì a máa bu iye kan lé ilé kọ̀ọ̀kan lóṣù, ìbáà jẹ́ pé onílé ń wo bọ́ọ̀lù tàbí kò wò ó. Owó náà a máa ga ní ìpínlẹ̀ tí líìgì náà ní yunifásítì sí, a sì máa lọ sílẹ̀ níbòmíràn. Nítorí èyí, gbígba yunifásítì kan sínú líìgì dà bí ìgbà tí a gba ọjà tuntun. Nígbà tí Maryland àti Rutgers wọ Big Ten ní ọdún 2014, àwọn ilé tí ó yí Washington, Baltimore àti New York ká wà lára ohun tí líìgì náà ń wò.

ÌPARÍ PAC-12

Líìgì Pac-12 ti apá ìwọ̀-oòrùn dá ìkànnì sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2012: ọ̀kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, mẹ́fà fún àwọn agbègbè. Big Ten ti fi Fox ṣe alábàáṣe; ESPN ni SEC fi ṣe tirẹ̀ ní 2014. Pac-12 nìkan ni ó dá nǹkan rẹ̀ ní látòkè délẹ̀. Orí iye owó ni òun àti DirecTV ti takú, wọn kò sì rẹ́ títí ìkànnì náà fi kú. Fún ọdún méjìlá, ará Los Angeles tí ó ní àwo DirecTV kò lè wo eré USC tàbí UCLA tí ó bá bọ́ sórí ìkànnì náà, ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ tí ó ní àwo DISH ń wò ó. Ní ọdún 2022, yunifásítì méjèèjì kéde pé àwọn ń lọ sí Big Ten. Ní 2024, mẹ́wàá nínú àwọn méjìlá ti lọ. Ìparí oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ti ìkànnì pa. Oregon State àti Washington State nìkan ni ó ṣẹ́kù sílé.

Àwọn ènìyàn rò pé íntánẹ́ẹ̀tì yóò parí ìjà yìí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 1 sí 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn Disney àti DirecTV mú ESPN, ìkànnì SEC àti ti ACC kúrò lórí àwo. Ní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí YouTube TV, tí kò lo àwo rárá.

Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ó sọ fún un pé kí ó tó san owó fún ilé-iṣẹ́ kankan, kí ó kọ́kọ́ mọ líìgì tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, kí ó wá béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ń gbé ìkànnì líìgì náà ní àdúgbò tí ó ń gbé. Abéèrè kì í ṣìnà.