Àsìkò ni, kì í ṣe Eré: Ọ̀rọ̀ fún Yíya Fọ́tò Lámilámi

Lámilámi kì í pẹ́ lójú kan. Bí ó ti ń fò lójú odò, ó ń ju ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀ níbùgbé rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà yóò ti pẹ́ tó ní ṣíṣí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi eré sọ orúkọ èyí. Bí a bá pè é ní 'eré ilẹ̀kùn', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé eré ni à ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ àsìkò ni: ìdá kan nínú ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ìdá kan nínú ìdá 1,000 lọ. 'Àsìkò ìṣísílẹ̀' ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó. Bí kámẹ́rà bá ti ń súnmọ́ kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó hàn kedere nínú àwòrán ń dín kù. Ayàwòrán a sọ ihò awò di kékeré kí ibẹ̀ lè gbòòrò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ a dín kù. Nígbà náà ni ó ń lo iná tí ń kọ mànà, èyí tí ó lè kúrú ju ìdá kan nínú ìdá 10,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí iná yìí bá borí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, òun ni ó ń dá ìyẹ́ dúró nínú àwòrán, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Nítorí náà, 'àsìkò ìkọmànà' gbọ́dọ̀ dá dúró. Olùkọ́ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò kọ́ni ní orúkọ láìkọ́ni ní ìdí.