Ẹ Má Fi Ayùn Kan Igi Àjà

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ háyà ilé ní Alief, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹrù bá ti kún ilé, àwọn ènìyàn a fẹ́ lu ihò sí àjà kí àkàbà lè gba ibẹ̀ gùn ún. Igi kan a sì dábùú ibẹ̀, wọn a ní kí kafíńtà gé e. Kí ni igi náà ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Igi méjì forí kan orí lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan dagun ní ìwọ̀n digírì 30. Igi kẹta dábùú ìsàlẹ̀, ó so ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Ẹ gbé 1,000 pọ́n-ùn lé wọn lórí. Ògiri kọ̀ọ̀kan gba 500. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n dagun, 1,000 gan-an ni ó ń ti igi òkè kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, 866 sì ń fa igi ìsàlẹ̀ nà.

Páákó tí wọ́n ń tà ní 2×4, 1.5 sí 3.5 ínǹṣì ni ní tòótọ́ (ọgbọ́n ọlọ́jà!). Ẹ pín 866 sí ojú rẹ̀: ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 165 pọ́n-ùn. Bí ó bá gùn ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, nínà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì ínǹṣì lọ. Ojú kò lè rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rò pé kò níṣẹ́. Ẹ gé e, ògiri ni igi òkè yóò máa tì síta.

Oríkèé tún léwu ju igi lọ. Afárá I-35W ní Minneapolis wó lulẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 1 August 2007. Ènìyàn 13 kú, 145 fara pa. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi so àwọn oríkèé kan nípọn ní ìdajì ínǹṣì, nígbà tí ó yẹ kí ó tó ínǹṣì kan. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ ló ṣì í. Nígbà tí wọ́n tún ń ṣírò agbára afárá náà lẹ́yìn náà, ọ̀pá irin ni wọ́n ń ṣírò, wọn kò ka oríkèé sí. Bẹ́ẹ̀ àwòrán tí wọ́n yà ní 2003 ti fi hàn pé irin náà ti tẹ̀!

Ní àjà yín, irin pẹlẹbẹ eléyín ni ó lè wà níbi oríkèé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí eyín rẹ̀ bá ti ń yọ kúrò lára igi, ẹ má fi òòlù gbá a padà, nítorí ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹni tó mọṣẹ́ wá wò ó kí oṣù kẹfà tó wọlé, nígbà tí àsìkò ìjì líle ń bẹ̀rẹ̀ níbí.