Láti Cape Town dé Cairo: ojú irin tó kú sórí ìwé

Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, kí ẹ fi ìka fa ilà láti Cape Town lọ dé Cairo. Ojú irin tí Cecil Rhodes, olórí ìjọba Cape nígbà náà, ń lá àlá ẹ̀ nìyẹn: kí ọkọ̀ máa sáré lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìpẹ̀kun Áfíríkà kan dé ìkejì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ní gúúsù, wọ́n ṣí afárá ojú irin sórí odò Zambezi lọ́dún 1905, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú Rhodes. Ní àríwá, àwọn ọmọ ogun Kitchener ti ń to irin gba aṣálẹ̀ Sudan látọdún 1897. Títí dòní, méjèèjì ò pàdé.

Kí ló fà á? Ilẹ̀ tí Jámánì gbà, Tanzania òde òní, dábùú ọ̀nà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1894, Gẹ̀ẹ́sì bá Leopold, ọba Bẹ́ljíọ̀mù tó sọ Congo di tara ẹ̀, ṣàdéhùn láti háyà ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kìlómítà 25 ní fífẹ̀. Jámánì fárígá. Oṣù kejì ẹ̀, wọ́n yọ abala náà kúrò.

Èmi tí mo kọ́ nípa òfin, àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń háyà kò ni ilẹ̀. Ẹni tó ń gbà á kò ni ín. Ẹni tó ń bínú náà kò ni ín. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Wọ́n fá orí lẹ́yìn olórí.

Jámánì nìkan kọ́ o. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Tanganyika bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà sì là. Síbẹ̀, wọn ò parí ẹ̀. Ta ló máa kó bàbà Katanga lọ sí Cairo, nígbà tí èbúté òkun wà nítòsí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àsíá ló ya ilà yẹn, ọjà kọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá rèé. Lọ́dún 2021, ìjọba wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Kano lọ sí Maradi ní Niger. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pariwo pé kí la ń wá lọ síbẹ̀. Èmi ò bá wọn pariwo: àwọn Hausa tó wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ti ń bá ara wọn ṣòwò kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà. Ọjà wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí wọn ò béèrè lọ́dún 1894. Ta ló máa wọ ọkọ̀ yìí? Ẹrù wo ló máa kó? Ta ló máa san gbèsè ẹ̀? Kí wọ́n gbé ìdáhùn síta, ká kà á.