Ìbàdàn, Mẹ́ta, Gíláàsì, Mẹ́rin

Dúró ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, kí o gbọ́ bí ọmọ ọkọ̀ ṣe ń pe èrò: “Ọjà'baaa! Ọjà'baaa!” Ó ń fa ìparí rẹ̀ bó ṣe wù ú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́. Sílébù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ní ohùn tirẹ̀, fífà kò sì yí ohùn padà.

Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ tí ẹnu lè pè lẹ́ẹ̀kan. Fáwẹ́lì lè dá jẹ́ ẹyọ kan, kọ́ńsónáǹtì sì lè ṣáájú rẹ̀: Ì-bà-dàn, mẹ́ta. “n” tó wà nídìí “dàn” kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì rárá. Ó kàn ń sọ fún wa pé ká gba imú pe “à” ni. Ṣùgbọ́n “ń” inú báńkì dá dúró, ó sì ní ohùn: bá-ń-kì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. “gb” ńkọ́? Kọ́ńsónáǹtì kan ni. Ẹ-gbẹ́ là ń pín in, torí sílébù wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí.

Ọjà'ba fúnra rẹ̀, Ọjà Ìba ni, Ìba Olúyọ̀lé. Sílébù mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Ìpajẹ gbé “ì” lọ, ó ku Ọ-jà-ba.

Èdè àwọn ará Ítálì yàtọ̀. Sílébù kan ni wọ́n ń tẹnu mọ́ ju ìyókù lọ. Tí wọ́n bá tẹnu mọ́ “ca” nínú capitano, “wọ́n ń ṣẹlẹ̀” ni. Tó bá jẹ́ “ta”, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni. Ní tiwa, sílébù kan kì í ṣe Baálẹ̀ lórí èkejì.

Bí a bá wá yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè tó ń tẹnu mọ́ sílébù bẹ́ẹ̀, bíi Gẹ̀ẹ́sì, ìtẹnumọ́ rẹ̀ a máa di ohùn òkè. Àárín ni Gẹ̀ẹ́sì ti tẹnu mọ́ kọ̀ǹpútà, “pú” ló sì gba ohùn òkè: kọ̀-ǹ-pú-tà. Sílébù kan péré ni gíláàsì lẹ́nu Òyìnbó. A ki “í” bọ àárín “g” àti “l”, a fi “ì” dí ìparí, ó di gí-lá-à-sì.

Bó bá ṣì ń rú ọ lójú, wá onígángan tó ń lu oríkì lẹ́bàá Gbọ̀ngàn Màpó. Ó fún ọ̀ṣán, ohùn gòkè. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀. Ka iye ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ: lọ́pọ̀ ìgbà, iye sílébù nìyẹn, àfi níbi tí fáwẹ́lì méjì bá tẹ̀ léra, tí onígángan sì fi lílù ẹyọ kan ṣoṣo yọ́ ohùn láti òkè wálẹ̀.