Òkè Tó Wà Lára Ògiri Bàrígà

Kò sí òkè ní Ṣómólú, kò sì sí ní Bàrígà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé etí ọ̀sà. Ohun tó bá ga níbẹ̀, ọmọ ènìyàn ló kọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé òkè kò kan àwọn ará àdúgbò Èkó méjèèjì yìí kò tíì wo ògiri ilé wọn dáadáa. Yanrìn, omi àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń gé búlọ́ọ̀kù. Inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń wa lára yanrìn náà: ọkùnrin kan á mú garawa lọ́wọ́, á rì wọ ìsàlẹ̀ omi, á bu yanrìn, á yọrí, á dà á sínú ọkọ̀ onígi títí ẹnu ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀, òkúta ẹfun tí wọ́n fọ́, tí wọ́n sun, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn tó múlé tì wá ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀: ilé-iṣẹ́ Ewékorò ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960, ti Ṣágámù láti 1978, ti Ìbèsè láti 2012. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé lílọ wo òkè, àpáta àti ẹranko inú igbó kì í ṣe fàájì olówó. Ẹni tó ń gbé nínú ilé tí ilẹ̀kùn yàrá dojú kọ ilẹ̀kùn yàrá, tí kò ní àgbàlá, òun gan-an ló ní ẹ̀tọ́ sí i jù. Òun náà ni òkè sì nílò jù, torí pé ibi tí ará ìlú kò bá mọ̀, kò ní rí ẹni gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń gbéra ní Alágòméjì, ibi tí kò jìnnà sí Ṣómólú rárá. Láti Èkó lọ, yanrìn àti amọ̀ ni. Tó bá di agbègbè Papalanto àti Ewékorò, òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkun ló fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi bo gbogbo ibẹ̀: àwọn ohun ẹlẹ́mìí oníkarahun ń kú, wọ́n ń rì sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń dì pọ̀. Àmì ìkarahun wọn ṣì wà nínú òkúta náà, ojú lásán sì lè rí i. Ní Abẹ́òkúta, òkúta òkun ti tán, àpáta líle tó fi ìlọ́po-ìlọ́po dàgbà ju ti Ewékorò lọ ti yọrí síta: ìran àpáta Olúmọ nìyẹn. Òkúta ẹfun ní ìwà kan tí àpáta líle kò ní: omi òjò máa ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ihò, ọ̀gbun àti odò abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń wáyé. Ní Tsingy de Bemaraha ní Madagásíkà, òjò ti gbẹ́ ẹ di igbó òkúta ṣónṣó tó mú bí abẹ, ibi tí àwọn ẹranko tí wọ́n ń pè ní lemur ń gbé. Ní Plitvice ní orílẹ̀-èdè Croatia, ẹfun tó yọ́ sínú omi tún ń dì padà, ó ń sé odò, adágún wá ń ṣàn bọ́ sínú adágún. UNESCO ti kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé ohun-ìní àgbáyé. Ká má tan ara wa: ti Ewékorò kò rí bẹ́ẹ̀. Kò nípọn, abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ògiri òkúta tó ga jù níbẹ̀ ni èyí tí katakata gbẹ́. Tí ará Bàrígà bá fẹ́ rí òkè tó ń yani lẹ́nu, ọ̀dọ̀ àpáta líle ni yóò kọrí sí.

Nínú àwọn àpáta líle yìí, Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló gba iwájú lójú tèmi. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àti ilé ẹjọ́ wọn ṣì wà lókè níbẹ̀. Láti 2007 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú igbó ilẹ̀ wa tún ju àpáta lọ. Àwọn ọdẹ mọ òfàfà, ẹranko kékeré tí kò nírù, tó ń gun igi, tí igbe rẹ̀ ń gba igbó kan lóru. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń ṣèwádìí ẹranko mìíràn ní Nàìjíríà gbọ́ igbe yìí, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé gbígbó ló ń gbó bí ajá, nígbà tí ti ìwọ̀ oòrùn odò Volta àti ti ìlà oòrùn odò Ọya ń ké tòò. Wọ́n wọn agbárí, wọ́n yẹ àbùdá wò, ní 2021 wọ́n kéde pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì pè é ní Dendrohyrax interfluvialis. Àárín odò méjèèjì nìkan ló ń gbé láyé yìí. Kò dájú pé ọdẹ kan máa yanu pé òfàfà ń gbó. Ohun tó lè yà á lẹ́nu ni pé ti òdì kejì Ọya kì í gbó. Tí a bá pa tiwa run, kò sí ibi tí a ti máa lọ tọrọ òmíràn.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa gun òkè láìsí ìdí. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, òyìnbó wo? Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ wọn, jáde láti Manchester àti àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ tó yí i ká, wọ́n gun òkè Kinder Scout láìgbàṣẹ, torí pé àwọn onílẹ̀ ti gbẹ́sẹ̀ lé e láti fi ṣe ibi ìdọdẹ. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Òfin tó dá àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Britain jáde ní 1949, nígbà tó di 1951, agbègbè yẹn, Peak District, ni ó ṣáájú gbogbo wọn. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí ariwo ẹ̀rọ àti òórùn yíǹkì jẹ́ ojúmọ́ wọn, sún mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Manchester yẹn ju bí olówó Ìkòyí ṣe sún mọ́ wọn lọ.

Àtakò tó lágbára ni ti owó àti ti ọ̀nà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ Ìdànrè kì í ṣe nǹkan kékeré fún ìdílé tó ń fi kóńgò ra gàrí, ẹ̀rù àwọn ajínigbé sì ti jẹ́ kí ènìyàn máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó rin ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ síbẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìdí nìyẹn tí ìtòsí fi yẹ kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀: Abẹ́òkúta, tàbí Lẹ́kkí, níbi tí Nigerian Conservation Foundation ti dá hẹ́kítà 78 igbó àti àbàtà sí láti 1990, tí ọ̀bọ àti ọ̀nì ń gbé, tí afárá orí igi rẹ̀ sì gùn ní mítà 401. Kò sí òkè níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni. Gbogbo àyíká rẹ̀ ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Igbó yẹn dúró torí pé ó ní odi, ó ní olùtọ́jú, ó sì ní èrò tó ń wá. Wọ́n lè sọ pé èrò yẹn náà ló ń ba ibẹ̀ jẹ́, pé ọ̀rá píọ́ wọ́tà á máa fò kiri, ojúbọ á sì di ibi ìyàwòrán. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí níbi tí kò bá ti sí ìlànà. Plitvice, tí èrò rẹ̀ máa ń lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún, ń ka iye ẹni tó ń wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ́ pákó sí ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má fọ́ òkúta náà.

Ó ku ti sìmẹ́ǹtì. Ilé ń wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń wá ibi sùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ní kí wọ́n má fọ́ òkúta mọ́. Láàárín Peak District yẹn gan-an, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan wà ní Hope láti 1929, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, wọn ò sì lé e kúrò. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 ní kí àwọn awakùsà máa dá owó sínú àpò kan tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣe. Àtúnṣe yẹn kò gbọdọ̀ mọ sórí dída erùpẹ̀ bo kòtò. Kòtò kan péré tí wọ́n ti wà tán ní Ewékorò tó fún ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fi irin sí etí rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n síbẹ̀, tó lè nàka sí ìkarahun inú ògiri òkúta fún ọmọdé. Ibùdókọ̀ rélùwéè wà ní Papalanto; kíláàsì kan láti Bàrígà lè lọ láàárọ̀, kó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú.